Ẹni Tí Ó Bẹ Ọ̀wẹ̀ Ni Yóò Pèsè Oúnjẹ

Láyé àwọn baba wa, bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, olóko a bẹ ọ̀wẹ̀. A ránṣẹ́ sí àwọn ará, àwọn àna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà a sì dé ní òwúrọ̀ kùtù pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí a kò kọ sínú ìwé, tí tọmọdé tàgbà sì mọ̀: olóko ni yóò pèsè oúnjẹ, òun ni yóò gbé omi àti ẹmu kalẹ̀, òun náà ni yóò sì fi ààlà oko han àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́. Olóko tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ebi pa àwọn ènìyàn títí oòrùn fi wọ̀, kí ó má ṣe retí wọn mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nítorí pé irú olóko bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa lónìí. Ìjọba ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó sì ń bá a ṣe ọ̀wẹ̀ láìjẹun ni àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn ẹgbẹ́ onílé, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kéékèèké tí kò wá èrè kankan fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Awoyaya, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ìlú náà wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà wà ní apá àríwá rẹ̀, òkun sì wà ní apá gúúsù. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja pípa ni a fi ń mọ gbogbo agbègbè náà. Lónìí, ilé ti gba ipò oko. Ní 2006 ni a dá àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, a ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, a ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí a kọ́ kí ó lè máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ wá, ẹni tí ń wá ilẹ̀ wá, ẹni tí owó ilé ti lé kúrò ní àárín Èkó náà wá. Ṣùgbọ́n ènìyàn yára ju ọ̀nà lọ, ilé sì yára ju gọ́tà lọ.

Bí àlejò bá yà kúrò ní ọ̀nà ńlá, tí ó wọ inú àdúgbò lọ ní àsìkò òjò, kí ó béèrè ìbéèrè díẹ̀. Ta ni ó ra òkúta tí a dà sí ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti wó? Àwọn ará àdúgbò ni. Ta ni ń san owó ọdẹ tí ń ṣọ́ òru? Àwọn náà ni. Ta ni ó dá owó jọ ra òpó iná àti wáyà, tí ó sì jẹ́ pé nígbà mìíràn tíráńsífọ́mà gan-an ni wọ́n rà? Àwọn kan náà ni. Bí a bá sì ti gbé tíráńsífọ́mà náà kalẹ̀ tán, ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni yóò máa gba owó lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Awoyaya ni ó rí ní Abíjó, ní Ṣangotẹ́dó, ní Lakọwé, àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó.

A kò kọ èyí láti fi ìwà àwọn ará àdúgbò ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun ìyìn ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, Yorùbá kò sì kọ́ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó dùn wá ni pé a ti sọ ìwà rere di àwáwí fún ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀.

TA NI Ó NI OKO NÁÀ?

Kò yẹ kí ìjà wà lórí ẹni tí ó ni oko yìí. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ṣíṣe àti títún ọ̀nà àdúgbò ṣe, iná ojú pópó, gọ́tà, ọgbà ìtura, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, àti kíkó ìdọ̀tí. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ń dá owó sí lóṣooṣù, ẹ ó rí i pé oko ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ro.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé olóko kò ní ohun tí yóò fi se oúnjẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró lọ́nà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ará Èkó dìbò yan àwọn alága àti àwọn káńsílọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti àgbègbè ìdàgbàsókè 37. Nítorí náà, a mọ olóko, a mọ ilé rẹ̀, a sì mọ ibi tí àká rẹ̀ wà.

Lóòótọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò ṣàìmọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Òfin tí ó ṣe ní 2008 fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní àyè tiwọn. Wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń yan ìjòyè, wọ́n sì ń rán aṣojú sí ìgbìmọ̀ tí ó ga jù wọ́n lọ. Nígbà mìíràn, ìjọba a fún díẹ̀ nínú wọn ní owó ìrànwọ́, a sì fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tí ó tayọ lọ́lá. A yin ìjọba fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni ẹ̀bùn ń jẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè fi owó tí kò mọ iye rẹ̀, tí kò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé, ṣe ètò gọ́tà. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ náà nílò ni ìrànwọ́ tí ó ní òfin, tí ó ní iye, tí ó sì ní ọjọ́.

OWÓ ÒKÈÈRÈ KÌ Í ṢE OGÚN

Àwọn kan yóò sọ pé kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kọ ìwé sí òkè òkun, kí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ àwọn aláàánú ibẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ìrànwọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ohun tí ojú wa rí láìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fi àṣẹ kan dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Kí oṣù Kẹta tó dé ìdajì, ìjọba rẹ̀ kéde pé a ti fagi lé 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ètò USAID. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, àjọ náà ṣíwọ́ iṣẹ́ pátápátá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti dín tirẹ̀ kù: ní 2021, ó sọ̀kalẹ̀ láti 0.7 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà; ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n kéde pé yóò di 0.3 ní 2027.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ni yóò rántí ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó ṣe láti 2008 títí di 2017 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, tí Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ètò náà kọ́ àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà tí òbí, olùkọ́ àti ará ìlú yóò fi máa tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ètò náà parí ní 2017, ilé-ẹ̀kọ́ kò parí. Àwọn ọmọ ṣì ń wá ní òwúrọ̀, òjò sì ṣì ń rọ̀ sí orí òrùlé. Ẹni tí ó bá ń ti ilé aládùúgbò gba iná, ó yẹ kí ó ní ìṣáná tirẹ̀ nínú ilé.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ OKO KÒKÓ

Ìbéèrè tí ó kù ni pé irú ìrànwọ́ wo ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ kékeré dàgbà? Ìtàn ilẹ̀ wa ti dáhùn. Ní 1935, ìjọba àmúnisìn ṣe òfin fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ó wọ àwọn ẹgbẹ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá kò mọ̀ wé. Ìjọba kò kó owó dà sí wọn lápò kí ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ó yan ọ̀gá kan tí yóò máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ti abúlé dé abúlé láti yẹ ìwé owó wò àti láti kọ́ àwọn akọ̀wé. Ní 1943, a dá ilé-ẹ̀kọ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1953, àwọn alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀-Oòrùn ti ní báǹkì tiwọn. Òfin, ẹ̀kọ́, àyẹ̀wò ìwé, lẹ́yìn náà ni owó: bí ọ̀rọ̀ náà ti tẹ̀lé ara wọn nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ tún wà. Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde pe ara wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ òṣì tí ó wà ní ìlú wọn. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, ẹni tí ó di olóògbé ní 2022, sì jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò pín ìrẹsì. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣiṣẹ́, kí a lè yá àwọn ènìyàn ní owó tí wọn yóò fi ṣe òwò àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n sì san án padà.

Bákan náà ni ètò ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báǹkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, tí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń yan ohun tí wọ́n fẹ́, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe yàrá ìkàwé. Wọn a san ìdámẹ́wàá owó iṣẹ́ náà, ètò náà a san mẹ́sàn-án yòókù, ìgbìmọ̀ tí abúlé yàn ni yóò sì ṣe àkóso rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó bá dá owó tirẹ̀ sí iṣẹ́ kan kì í sùn nígbà tí a bá ń ná an.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lójú tiwa, nǹkan mẹ́rin ni ó yẹ kí a ṣe ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù sì wò ó kọ́.

Èkíní, kí káńsù ya iye owó kan sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná rẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀. Kí ó kéde ìlànà tí yóò fi pín in: bí ẹgbẹ́ bá mú náírà kan wá, kí káńsù sọ iye náírà tí òun yóò fi kún un. Kí ó sì lẹ orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó gbà mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀, kí ẹni tí ń kọjá lọ lè kà á.

Èkejì, kí káńsù yan òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn akọ̀wé àti àwọn akápò bí a ti ń tọ́jú ìwé owó. Òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020 gba ẹgbẹ́ tí àṣà, ẹbí tàbí ìfẹ́ ìdàgbàsókè so pọ̀ láàyè láti yan alágbàtọ́jú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà béèrè pé kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa fi ìròhìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ ńlá a gba agbẹjọ́rò fún èyí. Ta ni yóò ràn ẹgbẹ́ àwọn ìyá arúgbó tí ń bọ́ ọmọ aláìlóbìí lọ́wọ́? Òṣìṣẹ́ káńsù ni ó yẹ kí ó ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí a fún wọn ní ibi ìjókòó. Yàrá ìkàwé kò ní iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Bí olórí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní àṣẹ, tí ẹgbẹ́ sì ṣèlérí láti gbá ilẹ̀ kí ó sì ti ilẹ̀kùn, kí ni ó dé tí ìpàdé ìlú yóò fi máa wà lábẹ́ igi?

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ àti ní ẹ̀bá òkun máa gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé owó ṣe oore wọn. Bí a bá gbé owó ìlú lé ẹnì kan lọ́wọ́ nínú yàrá, ìjà ni a gbé wọ ìlú. Kí a ka àdéhùn náà ní gbangba, ní èdè tí àwọn àgbà gbọ́.

“WỌN YÓÒ JẸ OWÓ NÁÀ”

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ yóò jẹ owó náà. Irọ́ kọ́ ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn alága ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ti sọ ipò di oyè ìdílé, àwọn akápò kan sì wà tí àpò ẹ̀wù wọn ni báǹkì ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé eku jẹ iṣu kí a má gbin iṣu mọ́. Àká ni a ń tún ṣe. Kí ẹni méjì, ó kéré tán, máa fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde ní báǹkì. Kí rìsíìtì wà fún gbogbo owó, ìbáà jẹ́ ti ìṣó. Kí a máa ka ìwé owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí ìjòyè máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Kí káńsù má sì ṣe san apá kejì owó títí ẹgbẹ́ yóò fi fi ojú iṣẹ́ apá kìíní hàn. Ẹgbẹ́ tí kò bá gba àyẹ̀wò, kí ó má gba owó. Àwa kò rí ohun tí ó le nínú èyí.

Àwọn mìíràn yóò ní bí ìjọba bá ń fún ẹgbẹ́ lówó, ẹnu ẹgbẹ́ yóò di. Ẹ̀rù yìí tọ́, òun gan-an ni ó sì fi yẹ kí a fi ìlànà pín in. Owó tí alága káńsù fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ fún ẹni tí ó wù ú ni ń di ènìyàn lẹ́nu. Owó tí òfin sọ pé ó tọ́ sí mi kò lè dí mi lẹ́nu, nítorí pé n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ gbọ́ tiwa. Nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń rí àpò ìrẹsì, aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí a pín níwájú àwọn ayàwòrán. Lẹ́yìn ìbò, ilẹ̀ a pa rọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará Awoyaya rántí orúkọ ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú ayọ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ nítorí pé káńsílọ̀ yín dìde ní ìgbìmọ̀, ó sì gbèjà owó àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò nínú ètò ìṣúná. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ ẹgbẹ́ yín rọ́pò alága àdúgbò tí àwọn ènìyàn yàn. Gọ́tà kò mọ ẹni tí ó dìbò fún ta ni. Bí ó bá dí, gbogbo ilé ni omi yóò wọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, olùkọ́ ni akọ̀wé ìlú, òun ni ó ń kọ lẹ́tà, òun ni ó ń ṣírò owó, òun ni àwọn àgbà sì ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Àṣà yìí kò gbọdọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. A mọ̀ pé owó oṣù kò tó, a sì mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì lóṣù tí olùkọ́ ìṣirò fi kọ́ akápò ẹgbẹ́ kan bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé sí apá kan, àti owó tí ó jáde sí apá kejì, lè ṣe ìlú ní oore ju àpò sìmẹ́ńtì ọgọ́rùn-ún lọ.

Àwọn ará àdúgbò ti ṣe tiwọn. Wọ́n ti fi ọwọ́ wọn, owó wọn àti ọjọ́ ìsinmi wọn ro oko tí kì í ṣe tiwọn nìkan. Ìgbà kan ń bọ̀ tí yóò rẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí ó ní owó yóò mọ odi yí ilé wọn ká, wọn yóò gbẹ́ kànga tiwọn, wọn yóò gba ọdẹ tiwọn, àwọn tí kò ní yóò sì wà nínú omi. Ìlú kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ilé nìkan ni yóò kù. Kí ọjọ́ náà má baà dé, à ń béèrè lọ́wọ́ káńsù Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, àti lọ́wọ́ gbogbo káńsù Ìpínlẹ̀ Èkó: nínú ètò ìṣúná yín tí ń bọ̀, èló ni ó wà níbẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, ojú ìwé wo ni ó sì wà? Ẹ fi hàn wá.